Òjò padà, koríko ò padà: níbo ni omi ń gbà lọ lórí ilẹ̀ ìjẹko tó gbẹ?

Ewé_Ọ̀dàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìjẹta, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Ilẹ̀ ìjẹko kan wà tí mò ń bá wọn mójú tó. Ọ̀dàn gbígbẹ ni, òjò ibẹ̀ kì í pọ̀. Ọ̀dá dá níbẹ̀ fún odidi ọdún méjì. A kó ẹran kúrò pátápátá, a ní kí ilẹ̀ sinmi. Lọ́dún yìí òjò padà, ó tiẹ̀ rọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Lábẹ́ àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún, koríko hù, ó tutù yọ̀yọ̀. Àmọ́ tí ẹ bá kúrò lábẹ́ igi kan kí ẹ tó dé èkejì, ilẹ̀ ṣì pá bí àtẹ́lẹwọ́. Kò sí ẹran tó jẹ koríko ibẹ̀, torí kò sí ẹran níbẹ̀ rárá. Òjò kan náà ló sì rọ̀ sórí méjèèjì.

Ṣé irúgbìn ló tán nínú ilẹ̀ ni, àbí ilẹ̀ ti kú? Ẹ bá mi dá sí i.

Òye_Ilẹ̀

Ẹ kú ìrònú. Ibi tí màá ti bá yín jiyàn ni “òjò kan náà” tí ẹ sọ. Èyí tó bọ́ láti ọ̀run lè rí bákan náà, èyí tó wọlẹ̀ ò rí bákan náà. Gbòǹgbò kì í mu òjò. Omi tó ti wọ inú ilẹ̀ ló ń mu.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tó pá yẹn. Ẹ̀kán òjò bọ́ láti òkè pẹ̀lú agbára, kò sí ewé tó máa gbà á, ó sì fọ́ èèpẹ̀ tó ṣù pọ̀ sí wẹ́wẹ́. Èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ á wọ inú àwọn ihò kéékèèké tó yẹ kí omi gbà kọjá, á dí wọn pa. Oòrùn á sá a, á di èèpo líle, tín-ín-rín, tí ẹ lè fi èékánná ṣí bíi páálí. Tí òjò kejì bá dé, ilẹ̀kùn ti tì. Àgbàrá ló kù.

Àgbàrá yẹn kì í sì í ṣàn lọ lásán. Ó ń kó hóró koríko, ìgbẹ́ ẹran, ewé gbígbẹ àti èèpẹ̀ ọlọ́ràá dání, ibi àkọ́kọ́ tí nǹkan bá sì ti dá a dúró ni ìdí igi. Ìdí igi rọ̀, gbòǹgbò ti lu ú, kòkòrò ti gbẹ́ ẹ, ìdọ̀tí ewé bò ó. Omi wọlé, ẹrù tó gbé wá sì dúró. Igi yẹn jẹ tirẹ̀, ó tún jẹ ti ilẹ̀ tó yí i ká. Àwọn onímọ̀ máa ń pe irú ìdí igi bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù ọ̀rá ilẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ wá agolo méjì tí wọ́n jọra. Ẹ gé ìsàlẹ̀ wọn kúrò, kí òkè òun ìsàlẹ̀ ṣí. Ẹ gbá ọ̀kan wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ gbá èkejì wọlẹ̀ níbi tó pá. Ẹ da ìwọ̀n omi kan náà sínú méjèèjì, kí ẹ máa wo aago. Ẹ padà wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Amọ̀_Pupa

Ẹ ṣeun ọ̀gá wa. Ìbéèrè kan ni tèmi. Ilẹ̀ tí mo mọ̀ pín sí méjì: apá kan jẹ́ yanrìn, apá kan jẹ́ amọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé yanrìn kì í di omi mú, amọ̀ ló ń di omi mú. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé lọ́dún tí òjò kò bá tó, apá yanrìn ni koríko ti ń pọ̀ jù, tí ti amọ̀ á sì ti gbẹ dànù?

Gbòǹgbò_Jíjìn

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú! Ohun tí wọ́n sọ fún yín láti kékeré kì í ṣe irọ́, ibi tí òjò ti pọ̀ ni òtítọ́ rẹ̀ wà. Níbi tí òjò ti kéré, ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá. Imanuel Noy-Meir, onímọ̀ nípa ewéko ilẹ̀ gbígbẹ, ṣàlàyé rẹ̀ kedere ní 1973.

Ẹ jẹ́ ká fi òjò kan ṣoṣo wò ó. Ká ní mìlímítà 10 ló rọ̀. Nínú yanrìn, omi yẹn á wọlẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, torí yanrìn ò lè di omi púpọ̀ mú lójú kan, ó ń jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Nínú amọ̀, omi kan náà lè má kọjá sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4. Òkè téńté ló jókòó sí. Tí oòrùn ọjọ́ kejì bá ràn, ó ti fà á padà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yanrìn ńkọ́? Yanrìn òkè ti gbẹ, ó ti di ìbora lé e lórí, oòrùn ò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò ló ni ín.

Amọ̀ tún ní ìwà kan: ó máa ń di omi mú pinpin débi pé koríko á rọ nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú ilẹ̀. Omi wà ńbẹ̀, ọwọ́ gbòǹgbò ni kò ká a. Níbi tí òjò ọdún kan ò tó bíi mìlímítà 300 sí 500, yanrìn sábà máa ń borí. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, amọ̀ á gba ipò rẹ̀ padà.

Nǹkan kan tún wà nípa àwọn igi tí Ewé_Ọ̀dàn sọ. Kì í ṣe ti àgbàrá nìkan. Ní 1987, Richards àti Caldwell fi hàn nínú ìwádìí wọn lórí igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sagebrush ní Amẹ́ríkà pé lóru, tí ewé ò bá fa omi mọ́, gbòǹgbò á gbé omi láti ilẹ̀ jíjìn tó tutù, á sì tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ sínú èèpẹ̀ òkè tó gbẹ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, koríko tó wà nítòsí lè rí nínú rẹ̀ mu. N kì í mú un lásán tí mo bá rí koríko tútù lábẹ́ igi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Òjò_Àkọ́rọ̀

Ẹ ti sọ ti ilẹ̀, ẹ ti sọ ti ewéko. Ẹ jẹ́ kí n mú ti òfúrufú wá, torí ewéko náà lọ́wọ́ nínú bí òjò ṣe ń rọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1968 ní Sàhẹ́lì, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, Jule Charney, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, gbé èrò kan jáde ní 1975. Ó ní tí koríko bá tán lórí ilẹ̀, ilẹ̀ á funfun, á sì máa da ìtànṣán oòrùn padà sókè. Nínú ìṣirò rẹ̀, ó gbé ohun tí ilẹ̀ ń dá padà láti ìdá 14 nínú 100 lọ sí ìdá 35. Ó ní ooru á dín kù lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbéra sókè á máa sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í sì í di òjò. Òjò á dín kù, koríko á dín kù, ilẹ̀ á tún funfun sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbá èrò yìí mú, wọ́n ní àwọn darandaran ló fọwọ́ ara wọn lé òjò lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2003, Giannini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ooru ojú òkun ṣe ń yí padà ló ń darí òjò Sàhẹ́lì jù. Ilẹ̀ ò wá jókòó lásán o, ó ń ràn án lọ́wọ́. Òkun ló lu ìlù, ilẹ̀ ló jẹ́ kó dún dé ọ̀nà jíjìn.

Ẹ sì má ṣe rò pé gbogbo ibi tó bá tutù ni òjò máa ń fẹ́. Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ òjò ọ̀sán wò káàkiri ayé, wọ́n gbé e jáde ní 2012: ilẹ̀ tó gbẹ ju àyíká rẹ̀ lọ ni irú òjò bẹ́ẹ̀ sábà ń bọ́ sí. Ilẹ̀ gbígbẹ ń gbóná kíákíá, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á gbéra, á sì fa ọ̀rinrin láti ẹ̀gbẹ́ mọ́ra. Nítorí náà, òjò lè wá bá ilẹ̀ tó pá. Bóyá ilẹ̀ yẹn á lè gbà á wọlé ni wàhálà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí: bí ayé ṣe ń gbóná sí i, afẹ́fẹ́ lè gbé ọ̀rinrin tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan. Òjò líle, tó ń dà wìì lẹ́ẹ̀kan náà, á máa pọ̀ sí i. Irú òjò yẹn gan-an ni ilẹ̀ tó ti di èèpo ò lè gbà.

Ọ̀pá_Daran

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ darandaran ti wọ̀ ọ́, n ò lè dákẹ́. Mo ti ń da ẹran láti ìgbà tí ọ̀pá ti ga jù mí lọ. Tí ilẹ̀ bá ti bàjẹ́ báyìí, àwa ni wọ́n á kọ́kọ́ nàka sí.

Ní 1988, Ellis àti Swift kọ ohun tí wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn ará Turkana ní Kẹ́ńyà. Níbi tí òjò ti ń ṣe ségesège, tí ti ọdún yìí ò jọ ti èṣí, ọ̀dá máa ń pa ẹran kí wọ́n tó pọ̀ débi tí wọ́n á fi jẹ ilẹ̀ run. Òjò ló ń pàṣẹ fún koríko níbẹ̀, ẹnu màlúù kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n: òjò rọ̀ lápá ibí, ẹ gba ibẹ̀ lọ, ó gbẹ, ẹ ṣí kúrò. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ń sinmi.

Ibi tí mo ti rí ilẹ̀ tó bàjẹ́ jù láyé mi, ẹ̀bá kànga ẹ̀rọ ni. Wọ́n gbẹ́ ẹ, omi ò gbẹ níbẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ẹran ò wá ní ìdí láti kúrò mọ́. Tí ẹ bá dúró ti kànga yẹn, eruku nìkan lẹ máa rí. Tí ẹ bá rìn jìnnà díẹ̀, ẹ ó rí àwọn ewéko tí ẹran kì í jẹ. Ó dìgbà tí ẹ bá rìn títí kí ẹ tó kan koríko gidi. Bí òrùka ló ṣe rí yí kànga náà ká. Ẹran tí wọ́n dá dúró sójú kan ló ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹran tó ń rìn ò ṣe irú ẹ̀.

Ẹ tún rántí pé ẹran ń gbin nǹkan. Ó ń jẹ èso igi ẹlẹ́gùn-ún, ó ń yàgbẹ́ hóró rẹ̀ síbi tó jìnnà. Pátákò rẹ̀ sì ń fọ́ èèpo líle tí Òye_Ilẹ̀ sọ.

Òye_Ilẹ̀

Ọ̀pá_Daran, mo gbà pẹ̀lú yín lórí kànga, tọkàntọkàn ni mo sì fi gbà. Ti pátákò nìkan ló kù tí mo fẹ́ tún ṣe. Irú èèpo méjì ló wà lójú ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn èèyàn sì máa ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Ọ̀kan ni èyí tí òjò lù di líle, tí mo ti ṣàlàyé. Ìyẹn ti kú. Èkejì wà láàyè. Ó dúdú díẹ̀, ó ń rí gbágungbàgun. Tí ẹ bá wọ́n omi díẹ̀ lé e, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ ewé. Ẹ ṣẹ́ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ gbé e sókè sójú oòrùn: ẹ ó rí i tí hóró yanrìn ń fì lára okùn tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó ń jẹ́ cyanobacteria ló ta okùn yẹn. Wọ́n ń di yanrìn pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń mú náítírójìn, èròjà tí ewéko fi ń dàgbà, láti inú afẹ́fẹ́ wá fún ilẹ̀. Tí pátákò tàbí táyà bá fọ́ ìyẹn, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà, nígbà mìíràn ó lè ju ogún ọdún lọ. Awọ ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa kí ẹ tó da ẹran wọ ibẹ̀.

Amọ̀_Pupa

Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé kí inú wa máa dùn nígbà náà tí igi bá ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ ìjẹko? Wọ́n ní sátẹ́láìtì ń fi hàn pé ewé tútù ń pọ̀ sí i lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ.

Gbòǹgbò_Jíjìn

Ẹ wo irú ewé tó ń tutù náà kí inú yín tó dùn. Ní Jornada, ilẹ̀ ìjẹko kan ní New Mexico ní Amẹ́ríkà, àwọn tó wọn ilẹ̀ ní 1858 kọ ọ́ sílẹ̀ pé koríko ló gba ibẹ̀ kan. Nígbà tí ó fi di 1963, igi ẹlẹ́gùn-ún mesquite àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹran jẹ koríko lájẹjù, ọ̀dá dé lé e, koríko ò tó jó mọ́ débi tí iná á fi pa ọ̀dọ́ igi. Bí àárín igi ṣe ń pá, omi àti ọ̀rá ilẹ̀ ń kóra jọ sídìí igi. Nígbà tó yá, kíkó ẹran kúrò nìkan ò tó láti dá koríko padà. Ohun tí Ewé_Ọ̀dàn ń rí yìí lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀.

Èròjà carbon dioxide tó ń pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ náà wà ńbẹ̀. Ewé ò nílò kó ṣí ẹnu rẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ kó tó rí i jẹ, nítorí náà omi tó ń pàdánù dín kù. Ọ̀pọ̀ koríko ilẹ̀ gbígbóná ti ní ọgbọ́n tiwọn tí wọ́n fi ń kó èròjà yẹn jọ, ṣùgbọ́n igi ò ní in, igi ló sì ń jèrè jù. Sátẹ́láìtì rí ewé. Kò mọ̀ bóyá màlúù lè jẹ ẹ́.

Ewé_Ọ̀dàn

Mo ti ṣe ti agolo o! Agolo wàrà méjì ni mo lò. Lábẹ́ igi, kí n tó da omi tán, èyí tí mo kọ́kọ́ dà ti ń lọ. Mo wo inú rẹ̀, ilẹ̀ ń dún ṣìrìṣìrì, afẹ́fẹ́ ń ho jáde. Níbi tó pá, mo da omi sí i, mo jókòó, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan fà á wò, mo lọ tún okùn ẹran kan so, mo padà dé, ó ṣì wà ńbẹ̀ bí omi inú àwo. Ìgbà tó yá mo yọ agolo, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ibi tí omi dé ò jìn tó ìka mi kan. Lábẹ́ rẹ̀, eruku gbígbẹ ni. Lábẹ́ eruku yẹn, mo rí hóró koríko mẹ́ta, wọ́n ṣì dán.

Ara mi bù máṣọ. Irúgbìn wà ńbẹ̀ látìgbà yìí. Kí ni kí n ṣe?

Òye_Ilẹ̀

Ẹ fi ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe ṣe àwòkọ́. Láti inú ọkọ̀ òfúrufú, àwọn ibì kan wà ní Niger tí igbó wọn rí bí awọ ẹkùn: ìlà igi, ìlà ilẹ̀ pípá, ìlà igi, ìlà ilẹ̀ pípá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ kéré débi tí ojú ò lè rí i. Ìlà tó pá ń da omi sílẹ̀, ìlà igi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń gbà á. Òjò tó bá pín ara rẹ̀ dọ́gba kárí ibẹ̀ ò ní tó igi kankan.

Nítorí náà, ẹ má gbìyànjú láti tún gbogbo ilẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gé ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún, ẹ tẹ́ ẹ dá àgbàrá lọ́nà, kí ìlà rẹ̀ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fi ọkọ́ já ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ tó wá láti Burkina Faso, tó kú ní 2023, gbẹ́ kòtò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní zaï sínú ilẹ̀ tó ti le gbagidi, ó ń da ìgbẹ́ ẹran sínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbẹ́ yẹn ń pe ikán, ikán ń lu ihò, òjò wá ń bá ihò wọlé. Ikán tí àwọn ẹlòmíràn ń pa ló fi ṣe alágbàro.

Ọ̀pá_Daran

Tí koríko bá ti yọ, ẹ má tètè da ẹran sí i. Ẹ jẹ́ kó so, kí hóró rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ná.

Ewé_Ọ̀dàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí a ti tẹ́ ẹ̀ka. Ìlà mẹ́fà la tẹ́. Méjì nínú wọn ni àgbàrá gbé lọ, torí a ò so wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa. Mẹ́rin dúró. Òjò ńlá méjì ti rọ̀ láti ìgbà náà.

Lókè ìlà kọ̀ọ̀kan, èèpẹ̀ kúnnákúnná ti kóra jọ, ó nípọn tó àtàǹpàkò, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí ewúrẹ́ nítòsí wa. Mo gbé ẹ̀ka kan sókè, ikán ti fi èèpẹ̀ tútù bo ìdajì rẹ̀, ihò sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìka mi wọ̀. Koríko ti yọ níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun, apá òkè nìkan ló sì wà. Apá ìsàlẹ̀ ṣì pá síbẹ̀.

Mo tún gbá agolo wọ ibi tí èèpẹ̀ kóra jọ sí. Kò yára tó ti abẹ́ igi. Àmọ́ mo tún okùn ẹran so tán, mo padà dé, omi ti lọ.